Ẹ Bi Wá: Ọ̀pá Gíà Karmann Ghia

Ọkọ̀ Karmann Ghia, tí a máa pè ní Ghia, ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lé. Ilé iṣẹ́ Karmann ní Osnabrück, Jámánì, ló ń ṣe é fún Volkswagen láti 1955 títí di 1974. Wọ́n tún ṣe é ní São Bernardo do Campo ní Brazil láti 1962. Ara rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ eléré, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti Ìjàpá (Volkswagen Beetle). Nítorí náà, mẹkáníìkì tó ti tún Ìjàpá ṣe rí, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975, ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a máa sọ síbí.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: ọ̀pá ọwọ́ ni èyí tí awakọ̀ ń dì mú. Ọ̀pá abẹ́lẹ̀ ni irin gígùn tó gba inú tọ́nẹ̀lì àárín ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Kọ́pílà ni ohun tó so ọ̀pá abẹ́lẹ̀ mọ́ irin tó yọ jáde ní imú gíàbọ́ọ̀sì, abẹ́ àga ẹ̀yìn ló sì wà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. London ni mo wà, Ghia 1967 ni mo ń wà, apá ọ̀tún ni ìdarí rẹ̀ wà. Ọ̀pá gíà ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ wọ gíà kejì, ṣe ni mo máa ń wá a kiri. Nǹkan tún ń dún kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì kan ní àfi ká tú gíàbọ́ọ̀sì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú gíàbọ́ọ̀sì yín. Ohun tí ẹ kọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti búṣì ike (òrùka ike tí ọ̀pá ń gba inú rẹ̀ kọjá) tó jẹ tàbí ti kọ́pílà tó ti rọ̀. Owó kékeré ni àwọn méjèèjì, ẹ ó sì lè yẹ̀ wọ́n wò fúnra yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé ìjókòó àga ẹ̀yìn kúrò. Ẹ óò rí páànù kékeré kan lórí tọ́nẹ̀lì, ẹ tú u, kọ́pílà nìyẹn nísàlẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó síwájú, kó máa rọra ti ọ̀pá ọwọ́ síwájú, kó fà á sẹ́yìn, kó tì í sọ́tùn-ún sósì, nígbà tí ẹ̀yin ń wò ó láti ẹ̀yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀pá ọwọ́ bá ti rìn jìnnà kí ọ̀pá abẹ́lẹ̀ tó mira, iwájú ni wàhálà wà: bọ́ọ̀lù ọ̀pá ọwọ́ (ibi roboto tí ọ̀pá ti ń yí), sípíríǹgì rẹ̀, ife tí ìdí rẹ̀ wọ̀, tàbí búṣì iwájú. Bí ọ̀pá abẹ́lẹ̀ bá ń rìn ṣùgbọ́n tí irin imú gíàbọ́ọ̀sì dúró gbagidi fún ìgbà díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e, kọ́pílà ni. Bí irin imú náà fúnra rẹ̀ bá ń jó sókè sódò nínú ihò rẹ̀, búṣì tó wà nínú imú gíàbọ́ọ̀sì ti jẹ. Èyí ìkẹyìn yìí nìkan ló lè gba pé kí wọ́n sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ọ́ìlì sábà máa ń jò níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ fi ìka kàn án wò.

Ariwo kẹrẹkẹrẹ tí ẹ sọ yẹn mú kí búṣì iwájú wù wá láti fura sí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ike náà bá fọ́, irin á máa lu irin ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀:

Ẹ gbé àga iwájú kúrò kí ọwọ́ lè ráyè. Ẹ fi nǹkan sàmì sí ibi tí ìdí ọ̀pá ọwọ́ jókòó sí lórí tọ́nẹ̀lì kí ẹ tó tú bóòtì méjèèjì tó dè é, sípánà 13 ló ń tú wọn. Ẹ gbé ọ̀pá ọwọ́ jáde pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀. Páànù pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí etí rẹ̀ kan ká sókè. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sẹ́yìn, ẹ gé wáyà tín-ín-rín tó di ìdè kọ́pílà mú, ẹ tú ìdè náà, ẹ sì yọ kọ́pílà kúrò pátápátá kí àyè lè wà. Ní báyìí, ẹ fi píláyà tó ń tì mú ọ̀pá abẹ́lẹ̀ láti ojú ihò iwájú, kí ẹ máa sún un sẹ́yìn títí imú rẹ̀ yóò fi jáde nínú òrùka irin tó gbé búṣì dúró. Iwájú ihò náà ni òrùka yìí wà. Ẹ lè má rí i tààrà, dígí kékeré yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ kó gbogbo ẹ̀rúnrún ike àtijọ́ jáde. Ẹ nu òrùka náà mọ́, ẹ nu imú ọ̀pá abẹ́lẹ̀ pẹ̀lú; bí ìpẹtà bá wà níbẹ̀, ẹ fi sáǹpépà tó kúnná nù ún, nítorí ojú irin tó ṣe págunpàgun ló ń fá búṣì tuntun jẹ láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ fi búṣì tuntun sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó lè rọ̀, kí ẹ sì ti fi òrùka wáyà rẹ̀ sí i lọ́rùn kí ẹ tó tì í sí àyè rẹ̀. Gíríìsì rẹpẹtẹ nínú búṣì àti lórí ọ̀pá. Bí ẹ bá wá ń ti ọ̀pá padà síwájú, kí ẹnì kejì máa fi ọwọ́ di búṣì mú láti iwájú. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́: ọ̀pá á ti búṣì jáde lójú òrùka, ẹni tó ń ṣe é kò ní mọ̀, yóò to gbogbo nǹkan padà, ariwo á sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wo kọ́pílà dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti là tàbí tó ti rọ̀ nítorí ọ́ìlì, ẹ ra tuntun. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ike líle ṣe dípò rọ́bà: gíà á mú ṣinṣin sí i, ṣùgbọ́n ẹ óò máa gbọ́ ìró gíàbọ́ọ̀sì lórí ọ̀pá ọwọ́. Fún ọkọ̀ tí ẹ ń wà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, rọ́bà la máa yàn. Ohun pàtàkì jù lọ ni pé ṣóńṣó ìdè kọ́pílà gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ojú kékeré tí wọ́n lu sára irin imú gíàbọ́ọ̀sì. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, yóò dà bíi pé ó le dáadáa, yóò sì yí kúrò láàárín ọ̀nà. Ẹ fi wáyà tuntun dè é padà. Ìdè tí kò ní wáyà máa ń tú fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á sì dúró sójú títì láìní gíà kankan.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bí gíà bá ń han nígbà tí ẹ bá ń wọ̀ ọ́, pàápàá rìfáàsì, kì í ṣe ọ̀pá. Ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní àyè òfìfo mìlímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì kò já tán. Ìparí wáyà rẹ̀ lára gíàbọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú làálàá. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ń tún Ghia 1969 kan ṣe. Mo ra àpò irin gíà tòkúnbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti Volkswagen. Ọ̀pá ọwọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọn kò sì jọra. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tèmi?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà ara wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì irin àti kẹ́rosíìnì fọ̀ wọ́n. Volkswagen máa ń tẹ nọ́ńbà sára ọ̀pọ̀ irin rẹ̀, ó sì ní ètò tó rọrùn láti kà. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irin náà fún: 111 àti 113 jẹ́ ti Ìjàpá, 141 sí 144 jẹ́ ti Ghia, 211 jẹ́ ti bọ́ọ̀sì, 311 jẹ́ ti Type 3, irú ọkọ̀ Volkswagen mìíràn. Nọ́ńbà mẹ́ta àárín ń sọ apá ibi tó wà lára ọkọ̀, 711 sì ni ti ètò ọ̀pá gíà. Nítorí náà, irin tí 711 bá wà láàárín nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ara ohun tí à ń sọ. Kí ẹ má ṣe ju irin nù nítorí pé 111 tàbí 113 ló bẹ̀rẹ̀ o. Ilé iṣẹ́ náà ń lo irin Ìjàpá fún Ghia láìyí nọ́ńbà rẹ̀ padà.

Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ẹ wọn tíréèdì orí ọ̀pá níbi tí wọ́n ti ń yí orí rẹ̀ sí. Mìlímítà 10 ni ti àwọn àtijọ́ títí di 1961. Mìlímítà 7 ni ti 1961 sí 1967. Láti ọdún 1968 lọ, mìlímítà 12 ni. Ọkọ̀ yín jẹ́ 1969, nítorí náà 12 lẹ ń wá. Irin ìwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú lásán, nítorí àwọn kan ti gé tíréèdì tuntun sórí ọ̀pá àtijọ́.

Ẹ tún tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó bá gùn ju àwọn yòókù lọ púpọ̀ lè jẹ́ ti bọ́ọ̀sì, kò ní bá yín lò. Èyí tí wáyà iná bá jáde ní ìdí rẹ̀ jẹ́ ti Automatic Stickshift, ọkọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ yà á sọ́tọ̀. Lára èyí tó kù, ẹ wo bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó dára máa ń dán yíká. Bí ẹ bá fi èékánná kàn án tí ẹ rí ojú pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti jẹ. Ẹ wo ìdí rẹ̀ tó máa ń wọ inú ife pẹ̀lú: bó bá ti jẹ débi pé ó rí bí ẹyin dípò kó rí roboto, ọ̀pá náà á máa fì láìka búṣì tuntun tí ẹ bá fi sí i.

Kí ẹ sì rí i dájú pé 1969 ni ọkọ̀ náà ní tòótọ́. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ wà lórí tọ́nẹ̀lì lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Láti ọdún 1965, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ jẹ́ 14 fún Ghia, ẹ̀kẹta sì ni ọdún rẹ̀. 149 ló yẹ kí ti yín fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ 11 ló fi bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Ìjàpá ni wọ́n gbé ara Ghia lé, ọdún ilẹ̀ yẹn lẹ sì gbọ́dọ̀ fi ra irin gíà.

Ìbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. São Paulo ni mo ń gbé, mo sì ní Ghia 1970 tí wọ́n ṣe níbí. Ọ̀pá gíà rẹ̀ ń rìn jìnnà jù. Mo fẹ́ kó kúrú, kó yá bíi ti ọkọ̀ ìdíje. Àwọn kan ń ta ìdìpọ̀ irin tí wọ́n fi ń gbé ọ̀pá sókè, àwọn kan ní kí n gé ọ̀pá. Èwo ló dára?

Ìdáhùn: Ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò tí a sọ fún ẹni London lókè? Ọ̀pọ̀ ọ̀pá gíà tó ń rìn jìnnà, òfìfo inú búṣì àti kọ́pílà ló ń jẹ́ kó jìnnà. Bí ẹ bá fi irin ìkúrú sórí ètò tó ti jẹ, òfìfo yẹn kò ní lọ, ìrìn tó wúlò nìkan ló máa dín kù. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná, kí ẹ wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá ṣì wù yín láti kúrú rẹ̀, ẹ ka èyí.

Ìṣirò ọ̀pá ni gbogbo rẹ̀. Ká ní láti bọ́ọ̀lù dé orí tí ẹ ń dì mú jẹ́ mìlímítà 300, tí láti bọ́ọ̀lù dé inú ife sì jẹ́ 50. Ẹ pín 300 sí 50, ẹ ó rí 6. Bí ọ̀pá abẹ́lẹ̀ bá ní láti rìn mìlímítà 20 kí gíà tó wọ̀, ọwọ́ yín á rìn 120. Bí ẹ bá fi irin pẹlẹbẹ gbé bọ́ọ̀lù sókè ní mìlímítà 12, apá òkè á di 288, apá ìsàlẹ̀ á di 62. Ìpín wọn á di 4.65, ọwọ́ yín á sì rìn nǹkan bíi 93 péré. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ jèrè nínú ìrìn, agbára ọwọ́ lẹ fi máa san án: gíà tó ń gba kílò 3 tẹ́lẹ̀ á máa gba nǹkan bíi 3.9. Láàárọ̀ tí ọ́ìlì tutù tó sì ki, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára.

Bí ẹ bá gé mìlímítà 50 kúrò lórí ọ̀pá láìgbé bọ́ọ̀lù sókè, 250 sí 50 nìyẹn, ìpín 5, ọwọ́ á rìn 100. Owó rẹ̀ kéré. Ìṣòro rẹ̀ ni pé orí ọ̀pá á jìnnà sí ọwọ́ awakọ̀, ẹ óò máa tẹ̀ síwájú kí ẹ tó lè wọ gíà kìíní àti ìkẹta. Irin tí ẹ bá sì ti gé kò ṣeé dá padà. Bó bá jẹ́ ọ̀nà yìí lẹ yàn, ẹ ra ọ̀pá Fusca (orúkọ Ìjàpá ní Brazil) kan tí ẹ máa gé, ẹ tọ́jú ti inú ọkọ̀. Ghia Brazil ń ṣọ̀wọ́n sí i, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́la á béèrè irin tó bá a wá.

Àwa fara mọ́ gbígbé bọ́ọ̀lù sókè, bí ẹ bá ṣọ́ nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìdí ọ̀pá. Bí ẹ bá gbé ọ̀pá sókè ní mìlímítà 12 láìṣe ìdí rẹ̀ gùn ní iye kan náà, ẹnu ife nìkan ló máa kàn. Ẹ lè wọ gíà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á gidi, á yọ jáde nínú ife, kò sì ní sí gíà mọ́. Ẹ fi gíríìsì pa ìdí ọ̀pá, ẹ tò ó, ẹ wọ gbogbo gíà, ẹ tún gbé e jáde: ipa gíríìsì inú ife á fi hàn yín bó ṣe wọlé tó. Ìkejì ni bóòtì. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n irin pẹlẹbẹ náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó má ju bẹ́ẹ̀. Bó bá kúrú, tíréèdì á fà tu; bó bá gùn jù, ṣóńṣó rẹ̀ á yọ sínú tọ́nẹ̀lì, ó sì lè máa ha ọ̀pá abẹ́lẹ̀.

Ìkẹta ni rìfáàsì. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ náà kúrú pẹ̀lú, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín gíà kejì àti rìfáàsì ti dín kù. Lórí ọkọ̀ yìí, ẹ ní láti tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tì í sósì kó tó lè wọ rìfáàsì. Páànù pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, tí ọ̀pá kò bá sì bára mu pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè kan rìfáàsì nígbà tí ẹ ń wá gíà kejì lórí eré. Ẹ tún un tò títí ẹ fi lè ti ọ̀pá sósì gan-an láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí kò sì ní kọjá gíà kejì.

Ọ̀pá kúkúrú kì í mú kí òrùka tó ń mú eré gíà bára dọ́gba nínú gíàbọ́ọ̀sì yára sí i. Ìgbà tí wọ́n nílò kò yí padà. Ẹ fún wọn láyè díẹ̀ tó tọ́ sí wọn. Ẹni tó bá ń fi ipá gbá a wọlé nítorí pé ọ̀nà kúrú ló ń jẹ òrùka gíà kejì run.

Ìbéèrè: Mo to ọ̀pá gíà mi padà lẹ́yìn tí mo yí kápẹ́ẹ̀tì. Gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ̀, rìfáàsì kọ̀ jálẹ̀. (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ ti yí páànù pẹlẹbẹ sódì. Etí tó ká sókè gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún ọkọ̀ bí ẹ bá kọjú síwájú, kó sì kọjú sókè. Bó bá ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wọ gíà kejì, ẹ tú bóòtì méjèèjì díẹ̀, kí ẹ máa sún ìdí ọ̀pá àti páànù ní díẹ̀díẹ̀, ẹ dè é, ẹ dán gbogbo gíà wò, títí tí rìfáàsì fi wọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì náà kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìdí ọ̀pá. Irin gbọ́dọ̀ kan irin.

Ìbéèrè: Houston ni mo wà. Ghia mi jẹ́ Automatic Stickshift 1970. Bí mo bá kàn gbé ọwọ́ lé ọ̀pá gíà lórí eré, ẹ́ńjìnnì á ké sókè bí ẹni pé gíà já. Ṣé mo lè fi ọ̀pá Ìjàpá lásán rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìdí ọ̀pá yẹn ní ojú iná tó máa ń kanra bí ọwọ́ bá ti ọ̀pá, òun ló ń sọ fún kílọ́ọ̀ṣì pé kó já. Ọ̀pá lásán kò ní ojú iná yẹn, kílọ́ọ̀ṣì kò sì ní já láéláé. Bí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ alẹ́sẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, gíàbọ́ọ̀sì, àwọn ẹsẹ̀ àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì lẹ ń wá, kì í ṣe ọ̀pá nìkan. Ohun tó ń ṣe yín yìí kò tó bẹ́ẹ̀: àlàfo ojú iná náà ti kéré jù tàbí ó ti dọ̀tí. Ẹ tú u, ẹ nù ún mọ́, ẹ tún àlàfo rẹ̀ ṣe. Kí ẹ sì má máa gbé ọwọ́ sórí ọ̀pá bí ẹ kò bá fẹ́ yí gíà padà.

Ìbéèrè: Gíà kẹrin ń fò jáde fúnra rẹ̀ bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ iná (accelerator). Mo ti pààrọ̀ búṣì, mo ti pààrọ̀ kọ́pílà. Kí ló kù? (Òṣogbo)

Ìdáhùn: Rọ́bà tó gbé gíàbọ́ọ̀sì dúró. Ọ̀kan wà ní imú rẹ̀, méjì wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti là, gbogbo gíàbọ́ọ̀sì á máa sún síwájú sẹ́yìn bí ẹ bá tẹ iná tàbí tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọ̀pá abẹ́lẹ̀ tó so mọ́ ara ọkọ̀ kò sì ní bá a rìn, á fa gíà jáde. Ẹ fi irin gígùn ti gíàbọ́ọ̀sì láti abẹ́. Bí rọ́bà bá ń là ẹnu, ẹ pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nítorí rọ́bà tuntun kan láàárín àtijọ́ méjì kì í pẹ́.

Bí rọ́bà bá dára, ẹ yọ rọ́bà ìbòrí ìdí ọ̀pá ọwọ́ kúrò kí ẹ tún wakọ̀. Nígbà mìíràn ìbòrí tó le jù tàbí kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn ló ń ti ọ̀pá padà kí gíà tó wọlé tán. Bí kò bá sí ìyípadà, inú gíàbọ́ọ̀sì ni, níbi tí ehín gíà àti irin tó ń sún un ti jẹ ara wọn. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́ tó mọ́. Ìyẹ̀fun irin tó kúnná lára ìdérí ìsàlẹ̀ kò burú. Bí ẹ bá rí ẹ̀rún irin tí ọwọ́ lè ṣà, ẹ má wà á mọ́. Bí ẹ bá rí i pé ó mọ́, lítà 2.5 ọ́ìlì gíà 80W-90 GL-4 lẹ máa dá padà sí i.